Omi ń jò lójú iṣẹ́ abẹ orí bàbá mi, ṣé ká dúró de ọjọ́ ìpàdé dókítà?

Ọmọ Òròkí
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kíákíá. Ọ̀kadà kan kọ lu bàbá mi lójú ọ̀nà Gbọ̀ngán lóṣù tó kọjá. Ẹ̀jẹ̀ dì sábẹ́ agbárí wọn, ilé ìwòsàn ńlá kan sì ṣiṣẹ́ abẹ láti kó o kúrò. Ọlọ́run ṣe é, wọ́n jí, wọ́n ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń jẹun, wọ́n ní ká máa lọ ilé. Wọ́n ti yọ okùn tí wọ́n fi rán an.

Láti ọjọ́ Àìkú ni ẹ̀gbẹ́ ojú ọgbẹ́ náà ti ń wú, ó sì máa ń rọ̀ bí a bá fọwọ́ kàn án. Láàárọ̀ yìí, ìrọ̀rí wọn tutù. Kì í ṣe ọyún, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀, omi tó mọ́ gaara ni. Orí ń fọ́ wọn díẹ̀, ara wọn kò gbóná. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ní ká máa fi oyin sí i. Ẹni tó ń ta oògùn ládùúgbò wa ní omi ara lásán ni, pé òun máa fún wọn ní Ampiclox. A ò tíì fi nǹkan kan sí i. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni dókítà ní ká padà wá. Ṣé ká dúró?

Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yìntì, Ayétòrò
Ọmọ mi, ẹ má dúró. Lónìí ni kí ẹ gbé wọn lọ, ilẹ̀ ì báà ti ṣú. Ibi tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ náà ni kí ẹ gbé wọn lọ o, torí àwọn ló mọ ohun tí wọ́n ṣe nínú orí yẹn, ìwé rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ wọn.

Omi tó mọ́ gaara yẹn ló ń bà mí lẹ́rù ju ọyún lọ. Omi kan wà tó yí ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ká. Awọ líle kan ló pa á mọ́ sínú. Bí awọ náà kò bá tíì jinná lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, omi á wá ọ̀nà jáde. Á kọ́kọ́ kó jọ sábẹ́ awọ orí, ìyẹn ìwú rírọ̀ tí o sọ, lẹ́yìn náà á gba ojú ìrán bọ́ síta. Ibi tí omi gbà jáde ni kòkòrò àrùn máa gbà wọlé. Bó bá dé ọ̀hún, yírùnyírùn ni, àrùn awọ tó bo ọpọlọ.

Ẹ fi gọ́ọ̀sì tàbí aṣọ tó mọ́ bò ó. Ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má da ohunkóhun sí i: oyin o, òrí o, lẹ́búlẹ́bú inú kápúsù o. Kí bàbá gbé orí sókè díẹ̀ bí wọ́n bá dùbúlẹ̀, kí wọ́n má bẹ̀rẹ̀ mú nǹkan nílẹ̀.

Bàbá Ìbejì Òkè-Fìà
Màmá, mo kí yín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká máa bọ̀wọ̀ fún ohun tí àwọn baba wa fi sílẹ̀. Oyin ló wo ọgbẹ́ ẹsẹ̀ àna mi sàn lẹ́yìn tí wọ́n ti ní àwọn máa gé e. Òṣogbo la wà, omi Ọ̀ṣun wà nítòsí, ẹ bu sí i kí bàbá fi wẹ orí. Kì í ṣe gbogbo nǹkan ni ti òyìnbó.

Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yìntì, Ayétòrò
Bàbá Ìbejì, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò bá oyin jà. Oyin tí wọ́n ti pa kòkòrò inú rẹ̀ wà tí àwọn ilé ìwòsàn fi ń wẹ irú ọgbẹ́ kan. Ẹsẹ̀ ni ti àna yín, ẹran ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ohun tó wà lábẹ́ ti bàbá yìí, ọpọlọ ni. Omi odò ńkọ́, bó ti wù kó níyì tó lójú ẹni tó gbà á gbọ́, ohun abẹ̀mí kéékèèké ń bẹ nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí orí jinná tán. Bí wọ́n bá fẹ́ lọ wẹ̀ ẹ́ nígbà náà, èmi náà á tẹ̀ lé wọn.

Dókítà Òru
Iṣẹ́ alẹ́ ni mo wà, ẹ forí jì mí bí mo bá ń kọ ọ́ ní wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Gbogbo ohun tí màmá sọ ni mo fọwọ́ sí. Ti Ampiclox ni mo fẹ́ fi kún un.

Oògùn tí a gbé mì kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ọpọlọ. Ìdènà kan wà láàárín ẹ̀jẹ̀ àti ọpọlọ tó ń dá májèlé padà, ó sì ń dá ọ̀pọ̀ oògùn padà pẹ̀lú. Nítorí náà, inú iṣan la máa ń fi oògùn àkóràn inú orí gbà, ìwọ̀n rẹ̀ sì máa ń pọ̀. Kápúsù kẹ́mísì lè mú kí ara tù wọ́n, kí gbogbo ilé máa dúpẹ́, kí ọ̀ràn náà sì máa jà lọ lábẹ́. Èyí tó tún ń bí mi nínú ni pé bí a bá wá gba omi tàbí ọyún lọ sí láàbù lẹ́yìn irú kápúsù bẹ́ẹ̀, kòkòrò lè má hù mọ́. A ò wá ní mọ ẹni tí à ń bá jà.

Àkóràn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ orí kì í ṣe ẹyọ kan ṣoṣo. Ó lè mọ sí awọ orí. Ó lè wọ eegun tí wọ́n gé tí wọ́n dá padà. Ó lè sá pamọ́ sáàárín eegun àti awọ líle yẹn, ó lè kọjá sábẹ́ awọ náà, ó lè di yírùnyírùn, ó sì lè di àkójọ ọyún nínú ọpọlọ fúnra rẹ̀. Ojú kò lè fi gbogbo wọn mọ̀ láti òde. Síkáànì àti omi tí a bá fà láti ọ̀pá ẹ̀yìn ló ń fi ìyàtọ̀ wọn hàn.

Ẹ sì má fi ti pé ara wọn kò gbóná tu ara yín nínú. Àgbàlagbà lè ní àkóràn kí ibà má mú un rárá. Bí wọ́n bá ń tòògbé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bí ọ̀rọ̀ wọn bá ń dàrú, bí ọrùn wọn bá le, bí ìmọ́lẹ̀ bá ń ni wọ́n lára, bí wọ́n bá ń bì, bí gìrì bá gbé wọn, tàbí tí omi bá ń kán nímú wọn, ẹ má dúró ná owó mọ́tò o. Ẹ wọ èyí tó bá kọ́kọ́ dé.

Ọmọ Òròkí
A ti wà lójú ọ̀nà. A ti kọjá Ọláìyá. Ẹ ṣé gan-an.

Ṣadé Alékúwodò
Ọlọ́run á ṣàánú. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àbúrò mi, bóyá á ran ẹlòmíì lọ́wọ́. Kókó ni wọ́n yọ nínú orí tirẹ̀. Ojú ọgbẹ́ jinná, ó padà sẹ́nu iṣẹ́, irun bò ó. Ó pẹ́ dáadáa kí ihò kékeré kan tó yọ lójú ìrán. Ọyún díẹ̀ á jáde, á tún di. Ará ilé ní irun ló hù wọnú awọ. Bó bá ti là, ẹnì kan á ra kápúsù, á sì di. Báyìí la ṣe ń bá a lọ, kò dùn ún, ibà kò mú un, ó ń jẹ àmàlà rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ṣe síkáànì fún un níkẹyìn, kòkòrò ti jẹ eegun tí wọ́n dá padà yẹn bí ikán ti ń jẹ pákó. Wọ́n yọ gbogbo rẹ̀ dànù. Dókítà kò bá wa jà, ó kàn béèrè pé ta ló kọ kápúsù. Ẹnikẹ́ni ò dáhùn.

Dókítà Òru
Ṣadé, ọ̀rọ̀ rẹ yìí ṣe pàtàkì púpọ̀. Eegun tí a bá ti gé kúrò lára agbárí, ẹ̀jẹ̀ kò ní máa ṣàn sínú rẹ̀ mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, ó sì máa ń pẹ́ kó tó yí padà. Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé oògùn, ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò dé, oògùn kò débẹ̀. Kòkòrò á fi ibẹ̀ ṣe ilé, á tún fi nǹkan yíyọ̀ kan bo ara rẹ̀.

Ọ̀kan wà tó ń jẹ́ Cutibacterium acnes, inú ihò irun wa ló ń gbé. Ó lọ́ra. Ó lè tó oṣù mélòó kan kó tó jẹ́ ká mọ̀ pé òun wà, láàbù pàápàá ní láti fi í sílẹ̀ pẹ́ ju bí wọ́n ti máa ń ṣe fún àwọn yòókù kó tó hù. CDC, àjọ tó ń rí sí ìdènà àrùn ní Amẹ́ríkà, máa ń ka àkóràn tó jinlẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ agbárí títí di 90 ọjọ́, nígbà tí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ abẹ mìíràn jẹ́ 30 ọjọ́. Nítorí náà ihò tó ń la tó ń di, kí ẹnikẹ́ni má fojú kékeré wò ó.

Káfíńtà Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun
Gbogbo yín ń yí ọ̀rọ̀ po. Ilé ìwòsàn ló kó àrùn ran bàbá yẹn! Bàbá wọlé pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ dídì, ó jáde pẹ̀lú kòkòrò. Tíátà dọ̀tí, iná lọ, jẹnẹrétọ̀ kò ní epo. Kóòtù ló kàn.

Dókítà Òru
Ẹ̀gbọ́n, mi ò lè gbèjà tíátà tí mi ò fojú rí. Òótọ́ ni pé ẹ̀rọ tí a fi ń se irinṣẹ́ ń fẹ́ iná, omi gbọ́dọ̀ ń ṣàn níbi tí a ti ń fọwọ́, èèyàn kò sì gbọ́dọ̀ máa wọlé jáde ní tíátà bí ẹni ń lọ sọ́jà. Ibi tí ìwọ̀nyí kò bá sí, ẹ bínú, mo wà lẹ́yìn yín.

Àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, ara aláìsàn fúnra rẹ̀ ni kòkòrò náà ti wá. Staphylococcus aureus ń gbé nímú nǹkan bí ẹni mẹ́ta nínú mẹ́wàá wa, kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Ọjọ́ tí abẹ bá ṣí ilẹ̀kùn fún un ló ń wọlé. Bí iṣẹ́ abẹ bá ju wákàtí mẹ́rin lọ, bó bá jẹ́ pàjáwìrì, bí wọ́n bá tún orí ṣí lẹ́ẹ̀kejì, bí aláìsàn bá ní ìtọ̀ ṣúgà, tàbí tí páìpù tó ń fa omi ọpọlọ síta bá pẹ́ lórí, ewu ń pọ̀ sí i. Omi tó ń jò lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ sì wà lára èyí tó burú jù. Kò sí orílẹ̀-èdè tí kò rí i, owó wọn ì báà pọ̀ tó òkè.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí ẹbí máa bi ilé ìwòsàn ni pé: ṣé ẹ máa fún un lábẹ́rẹ́ apakòkòrò kí abẹ tó kan awọ? Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) gbé jáde ní 2016 ní kó wọ ara láàárín 120 ìṣẹ́jú ṣáájú iṣẹ́ abẹ. Ibi púpọ̀ kì í jẹ́ kó ju 60 lọ.

Káfíńtà Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun
Ẹyọ abẹ́rẹ́ kan? Kí ló dé tí wọn kò fi máa fún wọn lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì? Ẹ ń ṣahun oògùn.

Dókítà Òru
Ìlànà kan náà ló ní ká má fà á kọjá òpin iṣẹ́ abẹ bó bá jẹ́ ti ìdènà. Oògùn tó pẹ́ lára láìnídìí kì í dín àkóràn kù, kòkòrò alágídí ló ń yàn láti inú àwọn yòókù. Kí n má purọ́, ọ̀pọ̀ àwa dókítà ṣì ń kọ ọ́ fún ọjọ́ márùn-ún, ọjọ́ méje, torí ẹ̀rù. A máa ń jiyàn lórí rẹ̀ ní wọ́ọ̀dù. Èmi kò fara mọ́ ọn. Tí àkóràn bá ti ṣẹlẹ̀, ìyẹn yàtọ̀, ìtọ́jú la ń ṣe nígbà náà.

Onígbàjámọ̀ Ọjà-Ọba
Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yìí kàn mí. Wọ́n máa ń pè mí kí n wá fá orí aláìsàn lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ. Abẹ tuntun ni mo ń lò, mo ń dán orí yẹn gbinrin. Ṣé èmi náà wà nínú ẹjọ́?

Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yìntì, Ayétòrò
Ìwọ kọ́ lo jẹ̀bi, ẹni tó pè ọ́ ló yẹ kó mọ̀. Abẹ ìfárí máa ń ya awọ ní kéékèèké tí ojú kò rí. Kòkòrò á sùn síbẹ̀ mọ́jú. WHO ní kí wọ́n fi irun sílẹ̀, bí kò bá sì ṣeé ṣe, kílípà ni kí wọ́n lò, kí ó má ṣe jẹ́ abẹ. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, orí kodoro ni gbogbo wọn ń wọ tíátà, a sì rò pé ìmọ́tótó ni. Ní báyìí, àwọn oníṣẹ́ abẹ kan máa ń la irun sọ́tùn-ún sósì ni, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á gé orí láàárín rẹ̀.

Onígbàjámọ̀ Ọjà-Ọba
Ó dáa, mi ò fá mọ́. Kílípà mi ńkọ́, kí n gbé e lọ?

Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yìntì, Ayétòrò
Èyí tí o fi gẹ orí gbogbo Ọjà-Ọba? Jọ̀ọ́, fi í sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ti tíátà wà lọ́tọ̀, wọ́n ń pààrọ̀ ẹnu rẹ̀ fún aláìsàn kọ̀ọ̀kan.

Ọmọ Òròkí
Ẹ kú àdúrótì. Alẹ́ ọjọ́ tí a lọ ni wọ́n ti gbà wá sí wọ́ọ̀dù. Síkáànì fi hàn pé omi kó jọ lóòótọ́, ọyún sì wà lábẹ́ eegun. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n fa omi ẹ̀yìn, kí wọ́n tó fi oògùn sí i: vancomycin àti ceftazidime. Orúkọ wọn ti há mi lórí torí èmi ni mò ń sáré rà wọ́n. Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Wọ́n ní àwọn máa tún orí ṣí. Wọ́n á fọ ibẹ̀, wọ́n á dí ibi tó ń jò, wọ́n á sì yọ eegun náà kúrò. Ìyá mi ti ń sunkún láti àárọ̀ pé ṣé ọkọ òun á máa rìn kiri láìní agbárí. Ẹ bá mi wá ọ̀rọ̀ tí mo lè sọ fún wọn.

Ṣadé Alékúwodò
Sọ fún Mọ̀mí pé àbúrò mi rìn bẹ́ẹ̀, ó sì wà láyé, ó ń bá mi jà lórí owó iná. Apá ibi tí wọ́n ti yọ eegun nìkan ló máa jin wọnú, awọ orí ṣì bò ó. Kò lẹ́wà lójú lákọ̀ọ́kọ́, mi ò ní tàn yín. Fìlà ń bò ó. Ohun tó gba àmójútó ni ìṣubú àti àwọn ọmọdé tó ń ju bọ́ọ̀lù. A ra akoto fún un, bó bá fẹ́ jáde ló ń dé e. Nígbà tó yá, wọ́n fi irin títáníọ́mù pẹlẹbẹ dí i.

Ẹ sì béèrè nípa ìwé ìbánigbófò ìlera bí bàbá bá ní. Ohun tó san fún wa kò pọ̀, ó ṣáà dín in kù.

Dókítà Òru
Bó ṣe rí nìyẹn. Eegun tí àkóràn ti wọ̀, a kì í dá a padà. A ó dúró fún oṣù mélòó kan títí a ó fi rí i pé àkóràn ti lọ pátápátá, kí a tó fi títáníọ́mù tàbí símẹ́ńtì eegun dí ibẹ̀. Ẹ má kánjú nípa ìyẹn. Àwọn kan lè sọ fún ìyá yín pé wọ́n máa ń tọ́jú eegun agbárí sábẹ́ awọ ikùn aláìsàn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n eegun tó mọ́ ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí, nígbà tí ọpọlọ bá wú tí kò sí àyè fún un.

Tíṣà Àgbà
Mo jókòó ti ìjíròrò yìí láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ gbà mí láyè kí n sọ ìtàn díẹ̀, iṣẹ́ tí mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì nìyẹn. Ní 1884, ní Lọ́ńdọ̀n, Rickman Godlee yọ kókó kan nínú ọpọlọ ọkùnrin àgbẹ̀ kan. Ọmọ ìbátan ni Godlee jẹ́ sí Joseph Lister, ẹni tó kọ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ ní 1867 pé kí wọ́n máa fi oògùn pa kòkòrò ojú ọgbẹ́. Ọkùnrin náà jí, iṣẹ́ abẹ fúnra rẹ̀ yọrí. Nǹkan bí oṣù kan lẹ́yìn náà, yírùnyírùn pa á. Ẹ ò rí i, ọ̀tá kan náà ni à ń bá fà á látìgbà yẹn.

Níhìn-ín, Latunde Odeku, ọmọ Awẹ́, ló kọ́kọ́ di oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní Nàìjíríà. 1962 ló darí dé Ìbàdàn láti Amẹ́ríkà láti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ka náà. Ṣáájú rẹ̀, ibo lẹ bá gbé bàbá yìí lọ?

Bàbá Ìbejì Òkè-Fìà
Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ Òròkí, mi ò tún sọ ti oyin mọ́ o. Báwo ni bàbá?

Ọmọ Òròkí
Wọ́n ti ṣe é. Wọ́n jáde, wọ́n dá mi mọ̀, wọ́n bèèrè fóònù wọn. Ìṣòro tuntun ni pé àwọn àgbà ìjọ wa ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n ní gbogbo àwọn máa gbé ọwọ́ lé wọn lórí.

Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yìntì, Ayétòrò
Lórí kẹ̀? Kí wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn kí wọ́n gbàdúrà, Ọlọ́run ń gbọ́ láti ibẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ fọwọ́ kàn wọ́n dandan, ẹsẹ̀ ni, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fọwọ́. Méjì méjì ni kí wọ́n máa wọlé, ẹni tí ọ̀fìnkìn ń ṣe kó jókòó sílé. Kí dókítà tó bá fẹ́ ṣí báńdéèjì náà fọwọ́ o. Bí o kò bá rí i kó fọ̀ ọ́, fi ọ̀wọ̀ bi í. Mo ti rí ọ̀gá àgbà kan tó gbàgbé.

Ọmọ Òròkí
Èsì láàbù ti dé. Staphylococcus aureus ni, irú èyí tí cloxacillin kò ràn. Cloxacillin yẹn sì wà nínú Ampiclox tí wọ́n fẹ́ fún wọn! Wọ́n ti dá ceftazidime dúró, vancomycin nìkan ló kù. Wọ́n ní á tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọ́n sì ń gba ẹ̀jẹ̀ wò léraléra nítorí kíndìnrín. Kò sí omi tó ń jò mọ́. Ìyá mi fẹ́ mọ ìgbà tí wọ́n lè wẹ orí, àti ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n lè fi sùn.

Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yìntì, Ayétòrò
Ẹ̀gbẹ́ tí eegun ṣì wà ni kí wọ́n fi sùn, kí orí ga díẹ̀. Wíwẹ orí, oníṣẹ́ abẹ ló máa dá ọjọ́ rẹ̀, ẹ bi í kí ẹ tó kúrò ní wọ́ọ̀dù, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀. Títí dìgbà náà, kí wọ́n wẹ̀ láti ọrùn sílẹ̀. Kí ìyá máa wo ìrọ̀rí láràárọ̀, kí wọ́n fi aṣọ funfun bò ó kí ó lè tètè hàn bí nǹkan bá kán sí i.